Ọ̀nà Ibi Iṣẹ́, Ara Iṣẹ́ Ni: Ẹ Jẹ́ Kí Owó Kẹ̀kẹ́ Padà

Ẹni tí ó bá jí ní kùtùkùtù ní ìlú wa, ìbáà ṣe Ìbàdàn, ìbáà ṣe Òṣogbo, ìbáà ṣe Ìlọrin tàbí Kàdúná, yóò rí ohun kan tí ó yẹ kí ó máa kọ gbogbo agbanisíṣẹ́ lóminú. Yóò rí olùkọ́ tí aṣọ rẹ̀ mọ́ tónítóní, tí ó gbé àpò ìwé kọ́ èjìká, tí ó dúró ní ẹ̀bá títì tí ó ń ka owó ọwọ́ rẹ̀ wò, bóyá ó tó láti wọ ọkọ̀ lọ kí ó sì tún wọ̀ ọ́ bọ̀. Yóò rí nọ́ọ̀sì tí ó ti rẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, àti akọ̀wé tí ó ń fẹsẹ̀ rìn kánkán nítorí pé owó ọkọ̀ ti tán nígbà tí oṣù kò tíì dé ìdajì. Bí wọ́n bá sì pẹ́ dé ibi iṣẹ́, ọ̀gá tí dẹ́rẹ́bà fi mọ́tò gbé wá ni yóò fi tádàwá pupa fa ìlà sábẹ́ orúkọ wọn.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò ọ̀rọ̀ náà, nítorí ìṣirò kì í ṣe ojúsàájú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún ọdún 2023, lítà epo bẹntiróòlù kan jẹ́ nǹkan bí náírà 185 ní Èkó. Ní ọjọ́ 29 oṣù náà ni Ààrẹ Bọ́lá Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin. Kí oṣù náà tó parí, lítà kan ti kọjá náírà 480. Nígbà tí yóò fi di oṣù kẹwàá ọdún 2024, ó ti súnmọ́ náírà 1,000. Owó oṣù tí ó kéré jùlọ, tí ó jẹ́ náírà 30,000 láti ọdún 2019, di náírà 70,000 ní oṣù keje ọdún 2024. Èyí ni pé owó oṣù fi díẹ̀ lé ní ìlọ́po méjì, ṣùgbọ́n owó epo ju ìlọ́po márùn-ún lọ. Bí òṣìṣẹ́ kan bá ń san náírà 500 ní àlọ, tí ó sì ń san náírà 500 ní àbọ̀, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ 22 lóṣù, náírà 22,000 ni ọ̀nà yóò gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ owó oṣù tí ó kéré jùlọ ni ó ń gbà, èyí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́ta, kí ó tó ra gààrí, kí ó tó san owó ilé, kí ó tó ra ìwé fún ọmọ.

Èrò wa ni pé ọ̀nà ibi iṣẹ́ jẹ́ ara iṣẹ́. Ẹni tí ó gba ènìyàn sí iṣẹ́ kò lè fọwọ́ lẹ́rán kí ó sì wí pé ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ láàárín ilé òṣìṣẹ́ àti ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì kò kan òun. Lára ohun tí agbanisíṣẹ́ lè ṣe, èyí tí owó rẹ̀ kéré, tí a sì ti gbàgbé jù, ni kí ó ran òṣìṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ láti ní kẹ̀kẹ́ ológeere, kí ó sì lè gùn ún wá sí ibi iṣẹ́ láìfòyà àti láìtijú.

Kì í ṣe àṣà àjèjì ni a ń polówó. Àwọn àgbà tí wọ́n ṣiṣẹ́ lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kò ní ṣàì rántí ohun tí à ń pè ní owó kẹ̀kẹ́. Òṣìṣẹ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ gba ìrìn lè yá owó lọ́wọ́ ìjọba láti ra kẹ̀kẹ́, kí wọ́n máa yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú owó oṣù rẹ̀, a sì máa gba owó díẹ̀ lóṣooṣù tí yóò fi máa tún kẹ̀kẹ́ náà ṣe. Wolé-wolé tí gbogbo ìyá ilé ń sá fún, orí kẹ̀kẹ́ ni ó ń bá wọn. Akọ̀wé ọba, ìránṣẹ́ ọ́fíìsì, ẹni tí ń pín lẹ́tà, ẹni tí ń yẹ kòkó wò, gbogbo wọn ni agogo kẹ̀kẹ́ ń kéde kí wọ́n tó dé. Nígbà tí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 1955, kẹ̀kẹ́ ni ó gbé ọ̀pọ̀ olùkọ́ dé ilé-ẹ̀kọ́ àwọn abúlé tí mọ́tò kì í dé. Kẹ̀kẹ́ Raleigh tí wọ́n ń ṣe ní Nottingham gbajúmọ̀ ní ilẹ̀ wa dé ibi pé ilé-iṣẹ́ náà wá dá ibi tí wọ́n ti ń to kẹ̀kẹ́ pọ̀ sílẹ̀ ní Kánò. Lóòótọ́, ìrìn tí ó jẹ mọ́ iṣẹ́ ni wọ́n ń san owó kẹ̀kẹ́ fún, kì í ṣe ìrìn àárọ̀ láti ilé. Ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ kan náà tí ó gbé wolé-wolé dé abúlé ni ó gbé e kúrò nílé tirẹ̀.

Kí ni ó wá fa ìparẹ́ ohun dáradára bẹ́ẹ̀? A lè dárúkọ owó epo rọ̀bì àwọn ọdún 1970 tí ó sọ mọ́tò di púpọ̀, a sì lè dárúkọ alùpùpù ọ̀kadà tí ó gba ojú ọ̀nà lẹ́yìn náà. Ṣùgbọ́n gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìjọba àwọn Òyìnbó fi ohun ìrìnnà pín ènìyàn sí ipò. Òṣìṣẹ́ àgbà, tí ó jẹ́ pé Òyìnbó ni ó pọ̀ jù nínú wọn nígbà náà, ni ó ń yá owó mọ́tò tí ó sì ń gba owó mọ́tò. Òṣìṣẹ́ kékeré, tí í ṣe ọmọ ilẹ̀ wa, ni ó ń gba owó kẹ̀kẹ́. Nígbà tí òmìnira dé ní ọdún 1960, a bọ́ sórí àga àwọn tí ó lọ, a sì jókòó sínú mọ́tò wọn. A kò dúró bi ara wa léèrè bóyá ìpín náà tọ́ tàbí kò tọ́. A gba mọ́tò gẹ́gẹ́ bí àmì pé a ti di ọ̀gá, a sì sọ kẹ̀kẹ́ di àmì ẹni tí kò rí já jẹ. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe jẹ́ pé ẹni tí ó gun kẹ̀kẹ́ dé ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì lónìí, ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ni yóò kọ́kọ́ dá a dúró, nígbà tí ẹni tí ó fi mọ́tò wá yóò wọlé tí a ó sì tún kí i.

Àwọn tí wọ́n ta kẹ̀kẹ́ fún wa kò tijú rẹ̀ bí àwa ti ń tijú rẹ̀. Ní ilẹ̀ Holland, kẹ̀kẹ́ pọ̀ ju ènìyàn lọ. Mark Rutte, tí ó jẹ́ olórí ìjọba níbẹ̀ láti ọdún 2010 títí di ọdún 2024, a máa gun kẹ̀kẹ́ lọ sí ibi iṣẹ́, orí kẹ̀kẹ́ náà ni ó sì wà nígbà tí ó kúrò ní ọ́fíìsì ní ọjọ́ tí ó gbé ìjọba lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Kò sí ẹni tí ó wí pé ó rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀. Òfin ibẹ̀ gba agbanisíṣẹ́ láàyè láti san owó ìrìn fún òṣìṣẹ́ láti ilé dé ibi iṣẹ́, títí kan ẹni tí ó gun kẹ̀kẹ́, láìsí owó orí lórí rẹ̀. Sẹ́ńtì 23 owó Euro lórí kìlómítà kan ni ní ọdún 2024. Ní Belgium, láti ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún ọdún 2023, àdéhùn tí àwọn agbanisíṣẹ́ àti àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ jọ fọwọ́ sí sọ ọ́ di ẹ̀tọ́: òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ aládàáni tí ó ń fi kẹ̀kẹ́ wá déédéé, tí ẹ̀ka iṣẹ́ rẹ̀ kò sì ní àdéhùn tirẹ̀ tẹ́lẹ̀, yóò gba owó lórí kìlómítà kọ̀ọ̀kan, sẹ́ńtì 27 sì ni ní ọdún 2023. Ní iye ti ọdún náà, ẹni tí ilé rẹ̀ fi kìlómítà 5 jìnnà sí ibi iṣẹ́ yóò gba Euro 2 àti sẹ́ńtì 70 lójúmọ́ ní àlọ àti àbọ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ọdún 1999 fi àyè sílẹ̀ fún agbanisíṣẹ́ láti ra kẹ̀kẹ́, kí ó fi yá òṣìṣẹ́ lò, kí wọ́n sì máa yọ owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nínú owó oṣù kí owó orí tó kàn án. Àwọn àgbà wa tí wọ́n rí owó kẹ̀kẹ́ rí yóò mọ̀ pé ohun tí ó jọ ọ́ ti wà ní ilẹ̀ yìí kí ọ̀pọ̀ nínú wa tó dé ayé.

Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo ohun tí ó wá láti òkè òkun ni ó yẹ kí a gbé mì láìjẹ. Ètò ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní àléébù kan tí ó yẹ kí a fi kọ́gbọ́n. Inú owó oṣù ni wọ́n ti ń yọ owó kẹ̀kẹ́, òfin kò sì gbà kí yíyọ náà mú owó oṣù ẹnikẹ́ni wálẹ̀ ju iye tí ó kéré jùlọ lọ. Nítorí náà, ẹni tí owó rẹ̀ kéré jù, tí kẹ̀kẹ́ ì bá wúlò fún jù, ni ó máa ń dúró sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Amẹ́ríkà pẹ̀lú kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ kan. Láti ọdún 2009, agbanisíṣẹ́ níbẹ̀ lè san Dọ́là 20 lóṣù láìsí owó orí fún ẹni tí ó ń fi kẹ̀kẹ́ wá sí ibi iṣẹ́. Òfin owó orí ọdún 2017 dá a dúró láti ọdún 2018. A rí i báyìí pé ètò tí kò dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó kéré jùlọ kò tíì pé, àti pé àǹfààní tí a kò so mọ́ àdéhùn iṣẹ́ lè lọ bí ìrì òwúrọ̀.

Àwọn ọ̀gá yóò bi wá pé èrè wo ni ó wà níbẹ̀ fún àwọn. Ìbéèrè tí ó tọ́ ni. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Holland ní ọdún 2010 fi hàn pé àwọn òṣìṣẹ́ tí ń fi kẹ̀kẹ́ wá sí ibi iṣẹ́ déédéé kì í pa iṣẹ́ jẹ nítorí àìsàn tó àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn. Ìyàtọ̀ náà ju ọjọ́ kan lọ lọ́dún fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ní ọdún 2017, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Glasgow tẹ àbájáde mìíràn jáde lórí ènìyàn tí ó ju 260,000 lọ ní Britain. Wọ́n rí i pé láàárín ọdún tí wọ́n fi ṣọ́ wọn, ewu ikú àwọn tí ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sí ibi iṣẹ́ fi ìdá 41 nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí ti àwọn tí ń wọ mọ́tò tàbí ọkọ̀ èrò. A mọ̀ pé ẹni tí ara rẹ̀ le ni ó sábà ń gun kẹ̀kẹ́, nítorí náà a kò ní sọ pé kẹ̀kẹ́ nìkan ni ó ṣe gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀gá tí ó bá gbọ́n yóò fẹ́ òṣìṣẹ́ tí ara rẹ̀ le. Bẹ́ẹ̀ sì ni àkókò. Ibi tí ó jìnnà ní kìlómítà 4, ẹni tí ó fẹsẹ̀ rìn yóò lo nǹkan bí ìṣẹ́jú 50, ṣùgbọ́n ẹni tí ó gun kẹ̀kẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ yóò dé ní ìṣẹ́jú 20, kò sì ní dúró de kí ọkọ̀ kún.

A kò fẹ́ tan ẹnikẹ́ni jẹ. Àwọn kan yóò wí pé títì wa kò ní ojú ọ̀nà fún kẹ̀kẹ́, àti pé àwọn dẹ́rẹ́bà ọkọ̀ akẹ́rù kì í ka oníkẹ̀kẹ́ sí ènìyàn. Òtítọ́ ni. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó gbé ìlànà jáde lórí ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́ ní ọdún 2018, ṣùgbọ́n ìlànà inú ìwé kò lè dá ọkọ̀ dúró lójú títì. A kò ní rọ ẹnikẹ́ni láti gun kẹ̀kẹ́ láti Ìkòròdú lọ sí Victoria Island lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n Èkó nìkan kọ́ ni Nàìjíríà. Ní Ìṣẹ́yìn, ní Ìkìrun, ní Ọ̀fà, ní Ṣakí, ní Bida, ní Zaria, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ni ilé wọn kò ju kìlómítà mélòó kan lọ sí ibi iṣẹ́, tí wọ́n sì lè gba ojú ọ̀nà inú àdúgbò tí ọkọ̀ ńlá kì í gbà.

Àwọn mìíràn yóò wí pé oòrùn wa mú. Oòrùn Ouagadougou ní Burkina Faso àti ti Tamale ní Gánà kò rọ̀ ju tiwa lọ, síbẹ̀ àwọn ènìyàn ń gun kẹ̀kẹ́ níbẹ̀. Àwọn kan yóò sì béèrè bí olùkọ́ obìnrin tí ó ró ìró yóò ti ṣe é. Kẹ̀kẹ́ tí irin àárín rẹ̀ tẹ̀ wálẹ̀ wà fún àwọn obìnrin láti ìgbà pípẹ́, ilé-iṣẹ́ tí ó bá ń ra kẹ̀kẹ́ fún òṣìṣẹ́ kò sì gbọdọ̀ ra ti ọkùnrin nìkan, kí ó wá sọ pé obìnrin ni kò fẹ́ gùn ún.

Kí ni a wá ń béèrè? Èkínní, kí agbanisíṣẹ́ dá owó àyálò kẹ̀kẹ́ padà. Bí kẹ̀kẹ́ kan bá jẹ́ náírà 120,000, òṣìṣẹ́ lè san náírà 10,000 lóṣù fún oṣù 12, láìsí èlé. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí ó wà ní ọ̀pọ̀ ibi iṣẹ́ lè bá wọn ṣe ètò náà. Ṣùgbọ́n fún ẹni tí owó oṣù rẹ̀ wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá, kí agbanisíṣẹ́ gbé ìdajì, kí ó má baà jẹ́ pé ìrànwọ́ tí a ṣe fún un ni yóò tún dín oúnjẹ rẹ̀ kù.

Èkejì, kí owó kẹ̀kẹ́ wà lóṣooṣù fún táyà, túbù, ṣéènì àti iṣẹ́ àwọn tí ń tún un ṣe, kí a sì kọ ọ́ sínú àdéhùn iṣẹ́. Ní pàtàkì, kí ó jẹ́ iye kan náà lórí kìlómítà kan fún ọ̀gá àgbà àti fún ìránṣẹ́ ọ́fíìsì. Ibí yìí ni a ó ti mọ̀ bóyá a ti jáwọ́ nínú ìpín tí àwọn Òyìnbó fi sílẹ̀. Bí owó kẹ̀kẹ́ bá tún padà wá gẹ́gẹ́ bí owó àwọn ẹni kékeré, yóò tún kú bí ó ti kú ní ìṣáájú.

Ẹ̀kẹta, kí gbogbo ilé-iṣẹ́, ilé ìwòsàn àti ilé-ẹ̀kọ́ kọ́ àtíbàbà kan, kí wọ́n ri irin mọ́lẹ̀ níbẹ̀ tí a lè so kẹ̀kẹ́ mọ́, kí ẹ̀ṣọ́ máa mójú tó o bí ó ti ń mójú tó mọ́tò ọ̀gá. Kí omi wà, kí yàrá kékeré kan sì wà tí òṣìṣẹ́ lè fi nu òógùn kí ó pààrọ̀ aṣọ. Owó tí èyí yóò ná ilé-iṣẹ́ kò tó owó táyà mọ́tò ńlá kan lọ́dún púpọ̀.

Ẹ̀kẹrin, kí àwọn ìgbìmọ̀ tí ń yan olùkọ́ sí ilé-ẹ̀kọ́ máa wo ibi tí olùkọ́ ń gbé. Kẹ̀kẹ́ kò lè gba olùkọ́ tí a rán lọ sí ibi tí ó jìn ní kìlómítà 30 sílé lójoojúmọ́, nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ kan wà lẹ́bàá ilé rẹ̀ tí kò ní olùkọ́.

Ẹ̀karùn-ún, kí Ìjọba fúnra rẹ̀ ṣáájú, nítorí òun ni ó gba òṣìṣẹ́ jù. Ìjọba Ìbílẹ̀ 774 ni ó wà ní ilẹ̀ yìí. Bí wọ́n bá jùmọ̀ béèrè kẹ̀kẹ́ fún àwọn olùkọ́, àwọn agbẹ̀bí àti àwọn òṣìṣẹ́ ìlera wọn, ẹni tí yóò to kẹ̀kẹ́ pọ̀ ní Kánò tàbí ní Àbá tàbí ní Ìbàdàn yóò rí ìdí tí ó fi yẹ kí ó bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ wa yóò sì rí iṣẹ́ ṣe. Kí wọ́n sì la ojú ọ̀nà kékeré fún kẹ̀kẹ́ ní àyíká àwọn ilé-ẹ̀kọ́ àti ilé ìwòsàn ná. A kò ní kí wọ́n ṣe ti gbogbo ìlú lọ́jọ́ kan.

Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti ya ọjọ́ 3 oṣù kẹfà sọ́tọ̀ fún kẹ̀kẹ́ láti ọdún 2018. A ti ń rí àwọn ẹni ńlá tí wọ́n ń gun kẹ̀kẹ́ lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀ kí a lè ya àwòrán wọn. A dúpẹ́. Ṣùgbọ́n kí ọ̀gá kan gùn ún ní ọjọ́ kejì pẹ̀lú, nígbà tí ẹni tí ń ya àwòrán kò sí níbẹ̀, kí àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ rí i tí ó so kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ mọ́ ti ìránṣẹ́. Ìyẹn yóò ṣe ju ọgọ́rùn-ún ọ̀rọ̀ ìyànjú lọ.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ̀yin ni a fẹ́ fi ọ̀rọ̀ yìí lé lọ́wọ́. Láti ọdún 1931 ni Ẹgbẹ́ Àwọn Olùkọ́ Nàìjíríà ti wà, tí ó sì ti ja ìjà owó oṣù àti ti owó ìfẹ̀yìntì. Ẹ gbé ọ̀rọ̀ owó kẹ̀kẹ́ wá sí ìpàdé yín, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ohun tí ẹ ń béèrè, kí ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ṣe yẹ̀yẹ́. Òmìnira tí kò jẹ́ kí olùkọ́ lè dé ilé-ẹ̀kọ́ àfi bí ilé epo bá gbà fún un, òmìnira náà kò tíì dé ọ̀dọ̀ olùkọ́.

Yorùbá ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Àwọn òṣìṣẹ́ wa ti ń fi tọmọ jẹ́ iṣẹ́ tí a rán wọn láti ìgbà pípẹ́, nínú òjò àti nínú oòrùn, pẹ̀lú owó tí kò tó wọn jẹun. Ó kù sọ́wọ́ àwọn tí ó rán wọn, kí wọ́n mọ̀ pé ẹni tí a rán níṣẹ́ ní láti kọ́kọ́ dé ibi tí a rán an.